Irin iṣẹ́ àfọwọ́rọ fún Ìjàpá àti 504: ìbéèrè tí ẹ kì í yéé bi mí

Lafenwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọkọ̀ àtijọ́ ni mò ń tún ṣe: Volkswagen Ìjàpá àti Peugeot 504. Irin iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún wọn ṣọ̀wọ́n lọ́jà, bó o bá sì rí i, owó rẹ̀ á lé ọ wálé. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọ tiwa. Ìbéèrè kan náà lẹ ń gbé wá bá mi ṣáá. Ẹ jẹ́ n dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí n ráyè jẹun ọ̀sán.

Ọ̀gá, mo wọn àlàfo fáàfù Ìjàpá mi. Lónìí ó fẹ̀, lọ́la ó fún.
Ẹ́ńjìnnì gbóná. Jẹ́ kó sùn mọ́jú. 0.15 mm ni, ní tútù.

Sípánà pílọ́ọ̀gì ò ráyè wọlé.
Gé sípánà 21 mm kúrú, jó ọ̀pá mọ́ ọn nídìí. Ki rọ́bà páìpù epo sínú rẹ̀ kó lè di pílọ́ọ̀gì mú. Ó tán.

Mo fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ sípánà, ó kán bí igi gbígbẹ.
Inú omi lo rì í sí nígbà tó pọ́n yòò, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Òróró ni kó o rì í sí. Bó bá ti tutù, má tíì lò ó o. Fi yanrìn ha ojú rẹ̀ kó dán, kó o wá fi iná díẹ̀díẹ̀ sí i, kó o máa wo àwọ̀ rẹ̀. Á kọ́kọ́ pọ́n bí koríko gbígbẹ, á di àlùkò, á wá di búlúù bí aró àwọn aládìrẹ Ìtòkú. Ibẹ̀ ni kó o ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Bó o bá dúró dìgbà tó di àwọ̀ eérú, á ti rọ̀ jù, ṣíbí ọbẹ̀ lo rọ yẹn.

Ẹ dákun sà, nọ́ọ̀tì 36 mm tó wà láàárín flywheel Ìjàpá (kẹ̀kẹ́ irin wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí) kọ̀, kò tú.
Èyí ti jẹ èmi náà níyà rí. Ìjàpá 1600 ti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Àṣerò ni, ewé máńgòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo rò pé oòrùn ò ní wọ̀ kí n tó parí. Mo ki sukudíráfà ńlá sáàárín eyín flywheel, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ dì í mú. Eyín kan fò yọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo de irin pẹlẹbẹ mọ́ ihò bọ́ọ̀tì kílọ́ọ̀ṣì méjì. Irin náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, nọ́ọ̀tì ò mira. Lọ́jọ́rú, sọ́kẹ́ẹ̀tì ta dànù, ọwọ́ mi bó, igun nọ́ọ̀tì sì ti ń yòrò.

Mo jókòó sórí táyà, mo ń wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bí ẹni ń wo olè. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé etí ẹnu rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sínú tó bíi 3 mm. Etí nọ́ọ̀tì lásán ló ń gé jẹ, kò gbé e mì. Mo lọ ẹnu rẹ̀ lórí gíráíńdà títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo wá gé irin onígun tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe géètì, mítà kan, tó nípọn dáadáa. Mo lu ihò méjì sí i, tó há mọ́ bọ́ọ̀tì 8 mm gírígírí, mo dè é mọ́ flywheel, mo fi ìdí rẹ̀ ti ilẹ̀. Ilẹ̀ ló bá mi dì í mú. Mo ki páìpù gígùn bọ ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún gbàù! Tíṣà sáré jáde látinú ilé.

Má fi iná sí i o. Bíárìn tó gbé orí ọ̀pá jíàbọ́ọ̀sì wà nínú nọ́ọ̀tì yẹn. Má sì fi ṣísẹ́lì àti òòlù dè é padà: 35 kg-m ni wọ́n kọ fún 1600, ìyẹn ìwúwo 35 kg lórí ọ̀pá mítà kan. Ọmọ iṣẹ́ mi wọn 70 kg, mo ní kó dúró sórí páìpù níbi ìdajì mítà sí nọ́ọ̀tì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kó má fò. Ṣírò rẹ̀ wò. (Gbé irin onígun sí òdìkejì kó o tó dè é.) Bí kò bá le tó, flywheel á máa mì, á jẹ ihò píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ihò yẹn bá ti fẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì ni o. Má bá mi fi gọ́ọ̀mù dí i.

Mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì 504, mo yí kiráńkì wò. Mo dè é padà, omi ń wọnú òróró.
Láínà (páìpù irin tí písítìnì ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀) ti gbéra, gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Inú omi ni láínà 504 dúró sí, orí ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kó o tó yí kiráńkì rárá, gé páìpù kéékèèké, fi wọ́ṣà tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kó o fi bọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì dè é kó tẹ etí láínà.

Tìrẹ ti kọjá ìyẹn báyìí. Gíga tí láínà fi yọ lójú ẹ́ńjìnnì la máa wọ̀n, ojú lásán ò lè wọ̀n ọ́n. Gbé e wá fún mi. Odindi ni kó o gbé e wá o, má kó o wá sínú àpò ìrẹsì.