Bí a ṣe ń ṣọ́ omi Ẹlẹ́yẹlé: ìdérí ike, okùn àti ìwé kékeré kan

Ojú oró ní í lékè omi, ọ̀ṣíbàtà ní í lékè odò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbà á ládùúrà. Ṣùgbọ́n nǹkan kẹta wà tó máa ń bá wọn du ipò náà ní adágún Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn: álígì, ohun wínníwínní tí ojú kì í rí níkọ̀ọ̀kan, àmọ́ tó bá ti pọ̀, omi á dà bí ọbẹ̀ ewédú.

Ọdún 1942 ni wọ́n dí Odò Ọ̀nà tí adágún yìí fi wà. Ilé ti yí i ká báyìí, àgbàrá sì ń kó omi ọṣẹ, omi ṣáláńgá àti ajílẹ̀ oko wọ inú rẹ̀. Oúnjẹ álígì nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mú ibi mẹ́ta tí ẹ ó ti máa wọn omi: ibi tí odò ti ń wọlé, àárín, àti ìtòsí ìdídò. Ẹ má pààrọ̀ wọn, ẹ má sì pààrọ̀ wákàtí. Lọ́sàn-án, álígì ń lo oòrùn, ó ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lóru, òun náà ń mí, ó ń fà á padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Ẹ bi àwọn tó ń sin ẹja: ìdájí ni ẹja máa ń yọ ẹnu sójú omi. Ẹni tó bá wọn omi láàárọ̀ òní, tó tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án ọ̀la, oòrùn ló wọ̀n.

Lẹ́yìn náà, àwo. Ní 1865, àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, fi àwo funfun yẹ bí omi òkun ṣe mọ́ tó wò. Tiwa, ìdérí ike ọ̀dà ni. Ẹ gé e kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kun ún ní dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ẹ lu ihò sí àárín, ẹ so irin mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ ta kókó sí okùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí òjìji wà. Ẹ kọ ibi tó ti pòórá sílẹ̀, ẹ fà á sókè, ẹ kọ ibi tó ti yọ. Bó bá pòórá ní 70, tó yọ ní 60, 65 lẹ máa kọ.

Ibí ni mo ti ṣìnà rí. Nọ́ńbà mi já láti 90 sí 30 lọ́sẹ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo álígì káàkiri. Bàbá apẹja tó ń wa ọkọ̀ fún mi wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé òjò àná ò rọ̀ dé ọ̀dọ̀ tìẹ ni?" Ẹrẹ̀ ni. Àwo kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ máa kọ òjò sílẹ̀, kí ẹ sì bu omi sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ gbé e síwájú pépà funfun. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹrẹ̀ ni. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ẹ tẹ̀síwájú.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ti igi gígùn bọ inú ohun aláwọ̀ ewé tó wà lójú omi. Bó bá so rọ̀ mọ́ igi bí irun, kì í sábà léwu. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ cyanobacteria, ìyẹn bakitéríà tó ń lo oòrùn bí álígì. Àwọn kan nínú irú yìí máa ń ṣe májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì láìmì ín. Cyanobacteria sábà máa ń léfòó, àwọn yòókù máa ń rọlẹ̀. (Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ o. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí.) Sísè kì í pa májèlé yìí, nítorí náà ẹ má mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ajá mu ún.

Ẹni tó bá lówó díẹ̀ lè ra páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kíkan omi ṣe pọ̀ tó (bó ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni kíkan ń dín kù). Bó bá ju 9 lọ lọ́sàn-án, álígì ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ ọ́síjìn yá, mílígíráàmù 5 nínú lítà kan tẹ́ ẹja lọ́rùn. Bó bá wá sílẹ̀ ju 2 lọ, ẹja á sá tàbí kú.

Tó bá jẹ́ ibi tí odò ti ń pàdé òkun ni, bí ọ̀sà Èkó, iyọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Omi iyọ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ bu tòkè, ẹ bu tìsàlẹ̀, ẹ sì kọ bóyá omi òkun ń wọlé tàbí ó ń padà. Lẹ́ẹ̀rùn, iyọ̀ ọ̀sà náà máa ń pọ̀ sí i. Lójò, omi odò á là á.

Bí ti inú ìgò tí ẹ gbé sí fíríìjì bá léfòó, ẹ bu òmíràn, ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e kí oòrùn má kàn án, ẹ tẹ́ yìnyín sínú kúlà, kí ẹ sì gbé e dé ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an.