UI ni àbí Ifẹ̀? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí

Bí àsìkò JAMB bá ti ń sún mọ́, àwọn ìyá a máa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: "Ìyá Bọ́lá, ọmọ ní UI lòun fẹ́, bàbá rẹ̀ ní Ifẹ̀ ni. Kí ni ká ṣe?" Bọ́lá mi ti jáde ní Ifẹ̀, ìyẹn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí mo máa ń wí rèé.

Ẹ parí ọ̀rọ̀ náà kí ọmọ tó kọ fọ́ọ̀mù. Ẹyọ yunifásítì kan ló ń gba ipò kìíní, àti UI àti Ifẹ̀ kì í wo ẹni tó bá fi wọ́n sí ipò kejì. Mi ò mọ̀ lọ́dún tí Bọ́lá kọ́kọ́ ṣe é. Mo ní kó kọ ọ̀kan síwájú, kó fi ìkejì tẹ̀ lé e, pé bí ti iwájú bá bọ́, a ó mú ti ẹ̀yìn. Ti iwájú bọ́, ti ẹ̀yìn ò sì dá wa lóhùn. Odidi ọdún kan ló fi ń bá mi ran bọ́tìnì. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ro máàkì. UI á pín ti JAMB sí ọ̀nà 8, á pín ti ìdánwò tiwọn sí 2, á wá rò ó pọ̀. Ní Ifẹ̀, JAMB kó 50, ìdánwò tiwọn 40, èsì WAEC 10. Ọmọ tí A pọ̀ nínú WAEC rẹ̀ ti rí nǹkan gbá mú ní Ifẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ọmọ lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má lọ ní Sátidé o, ọjọ́ tí kíláàsì ń lọ ni kẹ́ ẹ lọ.

Ti UI ò le: ẹ wọ mọ́tò, ẹ gba Ọ̀yọ́ kọjá, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Òjóò. Láti 1948 ló ti wà, ìgboro sì ti yí i ká. Ẹ jáde ní géètì báyìí, Àgbọ̀wọ́ nìyẹn, oúnjẹ, fótókọ́pì, mọ́tò Bódìjà. Ọmọ mi ọkùnrin kì í fẹ́ ariwo. Bí nǹkan bá sú u, á jáde, á rìn láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì péré ló ní, Kenneth Dike, ilé ìkàwé wọn, ló sì ti pàdé wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n fà á lọ́wọ́ kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀ lè dá wà níbẹ̀ títí ọdún á fi yí po.

Ifẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ dé Òṣogbo, ẹ tún wọ òmíràn. Láti géètì dé àárín ilé ìwé, igbó àti òkè ni, mọ́tò lẹ máa wọ̀. Ọjọ́ tí mo lọ kí Bọ́lá ní Mọ́remí, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé, a jọ jókòó síta, mo ń jẹ ẹ̀pà. N kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ẹni mẹ́jọ ti kí i: ọ̀kan wá yá abẹ́rẹ́, ọ̀kan ní kó má gbàgbé ìpàdé alẹ́, ọ̀kan kàn wọ bàtà rẹ̀ lọ. Kò síbi téèyàn ń sá pamọ́ sí níbẹ̀. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kórìíra ẹgbẹ́ òkùnkùn, pàápàá láti July 1999 tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti wọlé pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín ò bá mọ bí a ṣe ń sọ pé "rárá", ìpàdé àti ọ̀rẹ́ á gba ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo máa ń ní kí ìyá lọ ra omi wá, kí n lè bi ọmọ nìkan léèrè: "Ìgbà tí inú rẹ bàjẹ́ kẹ́yìn, ibo lo lọ?" Ọmọbìnrin kan lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ilé ìyá àgbà òun ní Màsífà ni, torí àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Mo ní kó kọ Ifẹ̀.