Bí A Ṣe Lè Máa Tètè Jẹun Alẹ́ Kí Oorun Lè Dára

Ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé aago 9 tàbí 10 alẹ́ ni wọ́n ń tẹ ẹ̀bà. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọjà dé, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Èkó. Wọ́n á jẹ àjẹyó, wọ́n á sì dùbúlẹ̀. Tó bá wá di òru, àyà á máa ta wọ́n, omi kíkan á máa gòkè wá sí ọ̀fun, oorun ò ní dá ṣáká. Ẹ̀bà kò ṣẹ̀ wá o. Àkókò tí a ń jẹ ẹ́ ni mo fẹ́ ká tún ṣe.

Ara wa ní aago tirẹ̀. Ọ̀gá aago náà wà nínú ọpọlọ, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló ń tún un ṣe. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun náà ní tiwọn, oúnjẹ sì wà lára ohun tó ń sọ fún wọn pé ọ̀sán ṣì ni. Ara kantíkantí, irú àwọn tó máa ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ká, ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ti wá ìdí aago yìí rí, èyí tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní ọdún 2017. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, melatonin tó ń pe oorun á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlíìnì tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ tó ti àárọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kan náà fi máa ń gbé ṣúgà ara sókè lálẹ́ ju àárọ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mú aago tí ẹ fẹ́ máa sùn, kí ẹ ka wákàtí 3 sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ aago 10, aago 7 ni kí òkèlè tó kẹ́yìn ti wọlé. Ẹni tó ti ń jẹun ní aago 9 kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan ṣoṣo já a. Kó máa dín in ní ìdajì wákàtí lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti débẹ̀.

Ti àárọ̀ kò le: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ògì àti àkàrà, kó má ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn tí ẹ jí.

Ọ̀sán gan-an ni iṣẹ́ wà. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Obìnrin tó ń tajà ní Òkè-Ajé, tó fi búrẹ́dì àti mínírà kan gbé gbogbo ọjọ́, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó má jẹ àjẹyó lálẹ́? Oúnjẹ ńlá ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé wá sí ọ̀sán, ìkọ́kọrẹ́ wa sì rọrùn fún èyí. Ẹ rin ewùrà láàárọ̀, ẹ dá a ní ṣíṣù ṣíṣù sínú ata àti epo tó ń hó, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́. Bó bá jinná, ẹ bù ú ní gbígbóná sínú kúlà. Ẹ̀bà tútù ni àwa Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí wàhálà omi gbígbóná ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí i láàárín aago 1 sí 2. Ẹni tó bá jẹ báyìí lọ́sàn-án, ojú oúnjẹ kò ní pọ́n ọn lálẹ́.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n ń sùn ní Rẹ́mọ ni ọ̀rọ̀ yìí le fún jù. Ẹ jẹun alẹ́ yín kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀wà tàbí ìrẹsì. Bẹ́ ẹ bá délé, ife ògì kan tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀, tàbí ẹ̀kọ kan àti ẹ̀fọ́ díẹ̀, ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣàlàyé fún ará ilé, kí ìyàwó má bàa rò pé ẹ̀ ń kọ oúnjẹ òun.

Gàrí Ìjẹ̀bú ń kọ́? Ó dùn, àmọ́ ó kan, ó ń wú nínú, omi rẹ̀ á sì tún jí yín lọ tọ̀ lóru. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ máa mu ún. Obì náà, tó pọ̀ ní Rẹ́mọ bí nǹkan mìíràn, ní kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, tó wà nínú kọfí. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fi obì lọ̀ yín nírọ̀lẹ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á, kẹ́ ẹ fi awẹ́ tiyín sápò di àárọ̀.

Bí omi kíkan bá ṣì ń gòkè, ẹ fi igi tó ga tó íǹṣì 6 sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí, kẹ́ ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.

Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, pàápàá ínsúlíìnì, kò gbọdọ̀ yí àkókò oúnjẹ padà láìbá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí oògùn bá wọlé tí oúnjẹ kò tẹ̀lé e, ṣúgà ara lè já wálẹ̀, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó. Ẹni tí oúnjẹ ń há sí lọ́fun, tàbí tó bì tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.