Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Iyẹ̀pẹ̀ Tí Yóò Kún Ilẹ̀ Àkùrọ̀ ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ sí apá Májídùn, Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Báyékù, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ ọ̀sà, mọ̀ pé kí òun tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni òun yóò ti máa ra iyẹ̀pẹ̀. Ó dùn mí pé ojú lásán ni púpọ̀ nínú wa fi ń wọ̀n ọ́n, tí a ó máa pe típà lé típà títí owó ilé yóò fi tán sínú àkùrọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi tápù wọn ìbú àti gígùn ilẹ̀ náà. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 sún mọ́ mítà 18 sí 36. 18 lọ́nà 36 jẹ́ 648.

Jíjìn ilẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ kó koríko àti ẹrẹ̀ rírọ̀ kúrò ná, torí pé iyẹ̀pẹ̀ tí a bá dà lé ẹrẹ̀ yóò rì. Lẹ́yìn náà, ẹ ri èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì ta okùn sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ ga dé. Rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí ni yóò jẹ́ kí okùn náà dọ́gba. Ẹ wọ̀n láti ibi okùn dé ilẹ̀ ní ojú mẹ́sàn-án, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi 9 pín in. Ẹ má ṣe wọn ẹnu ọ̀nà nìkan, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń ga jù. Bí a bá fi mítà 0.1 péré ṣì í wọ̀n lórí púlọ́ọ̀tì yìí, ó tó nǹkan bíi típà ńlá mẹ́fà.

Ká ní mítà 0.6 ni ẹ rí. 648 lọ́nà 0.6 jẹ́ kúbíìkì mítà 388.8, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó tú nínú ọkọ̀ yóò sún kì nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fún iyẹ̀pẹ̀ pupa, mo máa ń fi ìdámẹ́rin kún un, tí yóò fi di 486. Yanrìn ọ̀sà kì í sún kì tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku típà. Ẹ má ṣe gba orúkọ tọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè é gbọ́, nítorí ìwọ̀n ìwúwo ni tọ́ọ̀nù, yanrìn tútù sì wúwo ju gbígbẹ lọ. Inú ọkọ̀ gan-an ni kí ẹ wọ̀n: bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ mítà 5, tí ìbú jẹ́ 2.3, tí gíga jẹ́ 1.2, kúbíìkì mítà 13.8 ló ń gbé. Ẹ fi pín 486, ẹ ó rí 35 àti díẹ̀, èyí tí í ṣe típà 36. Kí ẹnì kan máa gun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò bí ó bá dé, kí àárín rẹ̀ má baà jin kòtò.

Ẹ má ṣe san owó típà 36 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba 25, ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele tí kò nípọn ju mítà 0.3 lọ, ẹ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n láti ibi okùn kí ẹ tó pe ìyókù.