Ìgò ásíìdì kejì tí kò yẹ kí n rà

Owó ìgò ásíìdì sulfuric kejì yẹn ṣì ń dùn mí. Ìwé kékeré kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Abẹ́òkúta níbí ló sọ pé bí kátálíìsì (èròjà tó ń mú kí ìyípadà yára, bí ásíìdì sulfuric yìí) bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́sítà (ohun tí ásíìdì àti ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí, ń dà pọ̀ dì) ṣe máa pọ̀ tó. Mo gbà á gbọ́, mo fowó ara mi ra ìgò kan kún èyí tó wà nílẹ̀. Irọ́ pátápátá ni.

Pípo rẹ̀ kò le: ásíìdì ethanoic (ti inú fínígà) gíráàmù 30, ẹ́tánọ́ọ̀lù gíráàmù 23, nínú ìgò mẹ́ta olómòrí. Mi ò fi kátálíìsì sí ti àkọ́kọ́. Mo kán ásíìdì sulfuric ẹ̀kán 5 sí ìkejì, ẹ̀kán 15 sí ìkẹta. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Sódà tí mo fi wọn ásíìdì tó ṣẹ́ kù (bí ásíìdì bá ṣe pọ̀ tó ni sódà tó máa pa á ṣe máa pọ̀ tó), ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà aró ní Ìtòkú ni mo ti rà á. Ẹni tó ń gbé ìlú àdìrẹ kì í wá kọ́sítíìkì sódà tì.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Ìgò àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ásíìdì inú ìkẹta pọ̀ ju ti ìkejì lọ! Mo tún un wọ̀n, ibì kan náà ló já sí. Mo fọ buréètì (ọ̀pá gíláàsì tí mo fi ń wọn sódà), mo po sódà tuntun, mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ló tó yé mi: kátálíìsì kì í tán sínú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ásíìdì sulfuric tí mo kán sí i ṣì wà níbẹ̀, òun náà ló ń jẹ sódà mi. Mo kán ẹ̀kán 5 sínú omi lásán, mo wọ̀n ọ́n; mo kán 15 sínú omi mìíràn, mo wọ̀n ọ́n; mo wá yọ iye wọn kúrò. Ìgò kejì àti ìkẹta bára mu régí! Bí a bá pín ásíìdì ethanoic sí mẹ́ta, ìdá méjì ló ti di ẹ́sítà. Mo hó yèè. Ìdá méjì yìí náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Berthelot àti Péan de Saint-Gilles rí ní ilẹ̀ Faransé ní 1862.

Bí ásíìdì àti ẹ́tánọ́ọ̀lù ṣe ń di ẹ́sítà àti omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́sítà àti omi ń padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kátálíìsì ń la ọ̀nà tó rọrùn fún àtilọ àti àtibọ̀, kò gbè sẹ́yìn ìkankan. A kàn máa tètè dé ibi tí méjèèjì ti dọ́gba ni. Ìgò àkọ́kọ́ náà á débẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún ló máa gbà á.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ́sítà sí i, ẹ́tánọ́ọ̀lù ni kí ẹ fi kún un. Mo ṣe é ní ìlọ́po méjì nínú ìgò kẹrin, ásíìdì tó yí padà sì gòkè dé bí 84 nínú 100. Tí ẹ bá da ásíìdì sulfuric lọ́pọ̀ yanturu, ó máa fa omi inú rẹ̀ mu, ẹ́sítà á sì lé sí i. Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé yẹn ti ṣìnà, tó pe fífa omi ní iṣẹ́ kátálíìsì.

Mo ti fi bírò fa ìlà pa gbólóhùn yẹn nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà ní kíláàsì mi. Ìgò ásíìdì sulfuric kejì tí mo rà wà lórí pẹpẹ, mi ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀.