Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé etí odò Danube: bí a ṣe ń gbáradì fún ìrìnàjò kẹ̀kẹ́ àti ìpàgọ́ ní Yúróòpù

Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ní òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere kiri ìlú òyìnbó ni pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e. Ẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ẹni tó bá lè gun kẹ̀kẹ́ láti Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, tó sì lè jí lọ́jọ́ kejì kí ó tún gun ún padà, ti ní ẹsẹ̀ tó tó. Ohun tó ń dá èèyàn padà ni ọ̀nà tí kò yàn dáadáa àti ẹrù tí ó dì ju agbára rẹ̀ lọ, ilé la sì ti ń yanjú àwọn méjèèjì, oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níhìn-ín, kí n sì fi í ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣètò gbogbo rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé kí ó tẹ̀lé odò. Odò kì í gun òkè. Ibi tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ ni ó ń gbà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá sì là sí etí rẹ̀ kì í ga ju ohun tí àyà lè gbà lọ. Àwọn òyìnbó ti so àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó jìnnà pọ̀ káàkiri Yúróòpù lábẹ́ orúkọ EuroVelo, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 15 ń bá odò Rhine lọ láti orí òkè Switzerland títí dé etí òkun ní Netherlands, nọ́ńbà 6 sì bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun Àtìláńtíìkì ní ilẹ̀ Faransé, ó dé Òkun Dúdú ní Romania. Apá kan nínú nọ́ńbà 6 yìí ni mo máa ń tọ́ka sí: láti ìlú Passau ní Jámánì, níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé, títí dé Vienna, olú-ìlú Ọ́stríà. Nǹkan bí 320 kìlómítà ni. Ọ̀nà wà ní ẹ̀bá odò Danube lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibùdó ìpàgọ́ kò jìnnà síra, rélùwéè sì wà nítòsí fún ẹni tó bá rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Passau, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Vienna. Ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ wá lọ́nà yẹn, odò náà sì ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹni tó bá ń lọ sí Vienna ni ọ̀nà àti afẹ́fẹ́ jọ ń bá ti kẹ̀kẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ méje ni mo máa pín in sí, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí 45 kìlómítà lójúmọ́, tí kò tilẹ̀ tó Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Àwọn kan ń gun 100 kìlómítà lóòjọ́ kí wọ́n lè rí nǹkan sọ nígbà tí wọ́n bá délé. Wọ́n á dé Vienna lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò ní rántí ohunkóhun bí kò ṣe ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú wọn. Láàárín Melk àti Krems, agbègbè tí wọ́n ń pè ní Wachau, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2000, nǹkan bí 35 kìlómítà péré ni, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan tọ́ sí i, nítorí ọgbà àjàrà ló bo ara òkè, èso ápíríkọ́ọ̀tì sì ń pọ́n níbẹ̀ ní oṣù keje.

Ìwé ìrìnnà tiwa kò wọ ilẹ̀ tó wà nínú àdéhùn Schengen, ìyẹn àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń lo físà kan náà, láìsí físà, físà ìgbà kúkurú kò sì gbà ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí a bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ni a ń tọrọ físà lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe èyí tí a máa pẹ́ sí jù lọ. Ní ọ̀nà tí à ń sọ yìí, ó lè jẹ́ alẹ́ kan péré lẹ máa sùn sí Jámánì, gbogbo èyí tó kù jẹ́ ti Ọ́stríà, nítorí náà Ọ́stríà lẹ máa tọ̀ lọ. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó sì pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 15 yẹn. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ìwé adójútòfò tó lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán, fún ìtọ́jú àìsàn jẹ́ dandan, kí ẹ sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní inú rẹ̀ bóyá ó bo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ibi tí ó ti sábà máa ń há fún ẹni tó fẹ́ pàgọ́ ni ìbéèrè pé níbo lẹ máa sùn. Ẹ má ṣe kọ "nínú àgọ́" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ibùdó ìpàgọ́ ṣáájú, ẹ gba èsì tó ní déètì nínú, kí ẹ sì to àwọn alẹ́ náà sí ojú ìwé kan, kí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i pé ọjọ́ kan kò sọnù.

Ní ti kẹ̀kẹ́, mo fara mọ́ kí a yá a ní Passau ju kí a gbé e láti ilé lọ. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí à ń rà ní ọjà wa, ọ̀hún ló ti wá; kí ni à ń gbé e padà fún? Àwọn tó ń yá kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, a sì rí nínú wọn tí wọ́n ń gbà á padà ní Vienna. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ tiyín bá ti mọ́ yín lára, ẹ wo ara táyà rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko ń jẹ́ 28, kẹ̀kẹ́ ìrìnàjò ti òyìnbó náà ń jẹ́ 28, bẹ́ẹ̀ wọn kò bára mu: 635 ni nọ́ńbà ríìmù ti àkọ́kọ́, 622 ni ti èkejì. Táyà ọ̀kan kò wọ èkejì láéláé, ẹni tí kò sì mọ èyí lè gbé táyà àpọ́jù méjì láti ọjà Ọ̀yọ́ dé Ọ́stríà lásán. Nọ́ńbà bíi 40-622 tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí ẹ gbà gbọ́: mìlímítà 40 ni fífẹ̀ rẹ̀, 622 sì ni nọ́ńbà ríìmù, ó tó fún ọ̀nà yìí. Ẹ tún wo ẹnu tíúbù, nítorí ọ̀kan tínínrín wà, ọ̀kan dà bíi ti mọ́tò, pọ́ǹpù tó bá bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu.

Ẹni tó bá máa di kẹ̀kẹ́ sínú páálí fún ọkọ̀ òfurufú yóò yọ pẹ́dàlì, yóò yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà dín kù. Pẹ́dàlì òsì kì í tú bí àwọn nọ́ọ̀tì yòókù; ọwọ́ ọ̀tún là ń yí i sí kó tó tú. Mo ti rí alátùn-únṣe kan, ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀, tó fi sípánà fa á títí apá kẹ̀kẹ́ fi bàjẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un. Nínú àpò irinṣẹ́, tíúbù méjì, gọ́ọ̀mù àti rọ́bà ìlẹ̀, ohun ìfà-táyà, ohun tí a fi ń já ṣéènì, sípóòkì mẹ́ta tó bá ríìmù yín mu àti òróró díẹ̀ ti tó.

Ní àsìkò kaṣú, tí àwọn oníṣòwò bá gbé òṣùwọ̀n wọn síta ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bẹ ọ̀kan nínú wọn kí ó bá yín wọn ẹrù yín. Èmi ṣe é, a jọ rẹ́rìn-ín: kílógíráàmù 31 ni ẹrù mi, mo sì rò pé mi ò kó nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀, àgọ́ àti ohun ìdáná pẹ̀lú, wà láàárín 15 sí 20, láìka oúnjẹ àti omi mọ́ ọn. Inú àpò méjì tí kò gba omi, tí a ń fi há ẹ̀gbẹ́ kárià ẹ̀yìn, ni ẹrù ń lọ, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹni. Èyí tó wúwo ní ìsàlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ̀kẹ́ á máa fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn.

Àgọ́ alábala méjì, tó wọn nǹkan bíi kílógíráàmù méjì, ló dára jù, nítorí abala òde ń gba òjò, ti inú sì ń jẹ́ kí èémí wa jáde kó má baà kán padà lé wa lórí. Nípa òtútù, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ tí ẹ ní nípa ọyẹ́. Lálẹ́ oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án, etí odò yẹn lè tutù ju ìwọ̀n 10 Celsius lọ sísàlẹ̀. Àpò ìsùn máa ń ní ìwọ̀n òtútù mẹ́ta lára: èyí tí èèyàn á fi sùn dáadáa, èyí tó jẹ́ òpin, àti èyí tí kò ní jẹ́ kí èèyàn kú. Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti fi ìkẹta polówó. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò, kí ó sì jẹ́ 5 tàbí kó relẹ̀ sí i, torí ara wa kò mọ òtútù bíi tiwọn. Ẹní abẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, nítorí ilẹ̀ ló ń fa ooru ara jáde.

Ẹ kọ́kọ́ sùn nínú àgọ́ náà nílé. Oko ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́nà Ìkóyì-Ilé ni mo ti kọ́kọ́ pàgọ́. Mo wá ibi tó tẹ́jú, tó rọ̀, mi ò mọ̀ pé ojú àgbàrá ni. Ní nǹkan bí agogo méjì òru, òjò dé, èmi àti bàtà mi sì jọ ń léfòó. Láti ọjọ́ náà, ibi tó ga díẹ̀ ni mo ń wá, mo ń kan gbogbo èèkàn, mo sì ń dojú ẹnu àgọ́ kọ ibi tí atẹ́gùn kò ti wá.

Gáàsì ìdáná kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú rárá, ọ̀hún la ti ń rà á. Sítóòfù oníspíríìtì rọrùn jù fún mi, nítorí wọ́n ń ta epo rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì lórúkọ Brennspiritus. Gaàrí kò nílò iná, omi ẹ̀rọ Ọ́stríà sì ṣeé mu, nítorí náà ọ̀sán ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹran gbígbẹ àti wàrà sílẹ̀ sílé, torí òfin wọn kò jẹ́ kí èrò láti ilẹ̀ wa kó ẹran tàbí ohun tí a fi mílíìkì ṣe wọlé. Ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọlidé, ọ̀pọ̀ jù lọ ìsọ̀ ni wọ́n ń tì, ní Sátidé wọ́n ti ń tì ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ra oúnjẹ Àìkú ní Sátidé, gaàrí náà ni yóò jẹ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn bíi tiwa. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní agogo, iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, a kò sì gbọ́dọ̀ mú fóònù lọ́wọ́ bí a bá ń gùn ún. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Àwòrán ọ̀nà tí ẹ ti gbé sórí fóònù ṣáájú wúlò, ṣùgbọ́n àmì R1, ìyẹn àmì ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Danube ní Ọ́stríà, àti àwòrán nọ́ńbà 6 tí ìràwọ̀ yí ká ń bá ọ̀nà lọ. Ihò iná wọn jẹ́ ti ẹsẹ̀ róbótó méjì, ẹ mú ohun tó máa so ó pọ̀ mọ́ tiwa. Pàgọ́-níbi-tó-wù-mí ti Sweden, níbi tí ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn sí ilẹ̀ ti wà, kò sí níhìn-ín. Inú igbó Ọ́stríà kò ṣeé pàgọ́ sí láìgba àṣẹ onílẹ̀, ibùdó ni kí ẹ máa lọ, wọ́n á béèrè ìwé ìrìnnà yín níbẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí ariwo dákẹ́ láti agogo mẹ́wàá alẹ́. Ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, nítorí náà kò sí ìdí láti sáré.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí èyí tó gùn jù jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ẹrù lórí kárià. Ẹ yẹra fún ọ̀nà ńlá Ọ̀yọ́ tí tírélà kún. Ọ̀nà Ìkóyì-Ilé ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ ló fọkàn balẹ̀ jù. Ẹ gbé ìjókòó sókè títí ẹsẹ̀ á fi nà tán nígbà tí gìgísẹ̀ bá wà lórí pẹ́dàlì ní ìsàlẹ̀. Fún ibi tí ìjókòó ń họ, òrí wa dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ìgò, ike kékeré kan sì tó fún ọjọ́ méje.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tó máa gbé yín láti Vienna, bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ tiyín. Ọkọ̀ agbègbè ń gba kẹ̀kẹ́ bí a bá san owó rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń yára ní àyè kẹ̀kẹ́ tí ó mọ níwọ̀n, a sì gbọ́dọ̀ gba àyè náà ṣáájú. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ó máa ń kún.