Ohun Kan Lójúmọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbádùn Ìsinmi Kérésìmesì Pẹ̀lú Ará Ilé

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ìsinmi Kérésìmesì kì í ní wàhálà. Àwọn ọmọ á sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, inú wọn á máa dùn pé kò sí iléèwé. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ẹnì kan á ní òun ló kàn nídìí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kejì á ti fa ṣájà yọ lára fóònù ẹlòmíì, àbíkẹ́yìn á sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa bèèrè pé, "Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

Èmi náà ti rò ó rí pé ètò tó kún fọ́fọ́ ló máa yanjú ẹ̀. Mo to wákàtí kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: aago mẹ́sàn-án, ìwé kíkà, aago mẹ́wàá, àwòrán yíyà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ti gbàgbé pé nǹkan wà lára ògiri. Ohun tó padà ṣiṣẹ́ kò le rárá: ohun kan ṣoṣo lójúmọ́, tí àwọn ará ilé fúnra wọn yàn. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, kí oníkálùkù máa bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé

Lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé ló dára jù. Ẹ fún oníkálùkù ní bébà kékeré mẹ́ta. Lórí èkíní, kó kọ ohun tí gbogbo ilé lè jọ ṣe. Lórí èkejì, ohun tó lè dá ṣe. Lórí ẹ̀kẹta, ohun tó ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti kọ́. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé kọ, kó yàwòrán tirẹ̀. Bàbá àti ìyá náà gbọ́dọ̀ kọ. Bí àgbà ò bá kọ, àwọn ọmọ á fura pé ẹ kàn ń wá ọgbọ́n tí ẹ máa fi rán wọn níṣẹ́ ni. Òfin kan péré ló wà nínú ìpàdé yìí: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ohun tí ẹlòmíì kọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ká àwọn bébà náà, ẹ kó wọn sínú abọ́.

Ẹ wá la ọjọ́ sílẹ̀

Ẹ fa ìlà àwọn ọjọ́ ìsinmi sórí páálí fífẹ̀. Ohun tí kò ṣeé yẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kọ: ọjọ́ ìsìn, ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, ọjọ́ tí òbí ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ní ilé púpọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni ọdún. Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó ṣì ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà Julian ń ṣe tiwọn ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní, nítorí náà kí kálukú fi tirẹ̀ síbi tó yẹ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́ kù, ẹ mú bébà kan nínú abọ́ fún un.

Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ kejì ọdún. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ó ti rẹ gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ kékeré á sì máa sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan, bó ti wù kí ẹ̀bùn wọn pọ̀ tó.

Ẹ kó ohun èlò jọ

Páálí, ìwé ìròyìn àtijọ́, okùn, bọ́tìnnì tó já, ègé aṣọ, gọ́ọ̀mù, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò mú jù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan, níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lọmọ gbọ́dọ̀ wá pè kó tó rí gọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́ ọ̀hún kẹ́yìn.

Mẹ́ta tí kì í já mi kulẹ̀

Èkíní ni ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Lọ́dún 1223, ní Greccio lórílẹ̀-èdè Ítálì, Francis Mímọ́ ará Assisi ṣe ìran yìí pẹ̀lú màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gidi. Tiyín, páálí ló máa jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gé ilé ẹran, ẹni ọdún méje lè ká bébà di olùṣọ́ àgùntàn, kí ọmọ ọdún mẹ́ta sì máa fa ìwé ìròyìn ya fún koríko. Iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé nìyẹn. Ẹ má sáré parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí ẹranko kan bá ń wọlé lójúmọ́, àwọn ọmọ á máa retí ọjọ́ kejì.

Èkejì ni ìyẹ̀fun oníyọ̀ fún ohun ọ̀ṣọ́. Ife fúláwà 2, ife iyọ̀ 1, omi tó tó ife 1. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa da omi náà. Ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi ẹnu ife gé e. Kó tó gbẹ ni kí ẹ ti lu ihò tí okùn máa gbà kọjá, torí tó bá ti gbẹ tán, fífọ́ ló máa fọ́. Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa yí i padà. Tàbí kí ẹ fi í sínú ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì, lórí iná tó lọ sílẹ̀ gan-an, fún bíi wákàtí 2 sí 3. Kì í ṣe jíjẹ o. Tí ẹ bá ní ajá, ẹ gbé e jìnnà sí i, torí iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè pa á.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbé fóònù fún ọmọ kan, kó lọ fọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lẹ́nu wò, kó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ti tó, àmọ́ ẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ. "Báwo layé ṣe rí nígbà yẹn?" kò lè mú nǹkan gidi jáde; "Ó dára" náà ni wọ́n máa dáhùn. "Kí lẹ fi ń ṣeré nígbà tí ẹ wà bíi tèmi?" "Ìgbà wo ni wọ́n nà yín lórí ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àgbà jókòó dáadáa sórí àga. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tọ́jú ohùn náà síbi méjì lọ́jọ́ náà gan-an.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ayò orí tábìlì, lúdò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọjọ́ orí kò bá dọ́gba. Inú pachisi, ayò àwọn ará Íńdíà, ni wọ́n ti mú un jáde, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní England lọ́dún 1896. Nítorí pé ẹyọ tí a ń dà ló ń pín oríire, ọmọ ọdún márùn-ún lè na bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìsí pé bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Níbi tí ọgbọ́n bá ti ń borí, bíi dáráfù, ẹ da ọmọ kékeré pọ̀ mọ́ àgbà kan.

Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2019 pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa jókòó wo wọn rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, wákàtí kan pàtó ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìjà: ẹ dá àkókò kan tí gbogbo fóònù máa wà nínú apẹ̀rẹ̀, ti òbí náà. Ti òbí gan-an ló ṣòro jù.

Àwọn ọ̀dọ́

Ẹ má fagídí mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún jókòó ti gọ́ọ̀mù àti páálí. Ẹ fún un ní ipò. Òun ni ayàwòrán ìdílé títí ìsinmi á fi parí, tàbí òun ni ọ̀gá ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, tó máa yan oúnjẹ, tó sì máa pín iṣẹ́ fún ẹ̀yin náà. Tí ọbẹ̀ bá jóná, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ilé á sì rí ọjọ́ kan sinmi, torí lọ́pọ̀ ilé, òun nìkan ni kì í gba ọlidé.

Bí ọmọ bá tún wá bá yín pé kò sí ohun tí òun fẹ́ ṣe, ẹ má dìde. Ẹ ní kó lọ wo inú àpótí. Ó lè ráhùn fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ tí ilé á dákẹ́, ẹ ó sì bá a lábẹ́ tábìlì tó ń kọ́ ilé.

Nígbà tí iléèwé bá kù díẹ̀

Láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí i, ẹ máa fi ìdajì wákàtí dín àsìkò àìsùn kù lálaalẹ́. Ẹ lo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán ìkẹyìn láti kọ káàdì ìdúpẹ́ sí àwọn tó fún yín lẹ́bùn. Henry Cole tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n tẹ káàdì Kérésìmesì fún títà, ní London lọ́dún 1843, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un láti dáhùn gbogbo lẹ́tà tó gbà. Nítorí náà ìlà kan láti ọwọ́ ọmọ ti tó, kó yàwòrán sábẹ́ rẹ̀. Bébà tó bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, ẹ dì í, ẹ kọ ọdún sí i lára, ẹ jù ú sínú àpótí de ọlidé tó ń bọ̀.